Ìṣubú Aládùúgbò àti Ògiri Ilé Ẹni



Òwe méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó jọ pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èkejì wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe èkíní ń kọ́ ènìyàn pé ìyọnu aládùúgbò kì í pẹ́ di ti ẹni. Òwe èkejì ń kọ́ ọ pé ìyọnu kò lè wọlé bí ilé náà kò bá kọ́kọ́ ní ihò. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ òní wà, nítorí àwọn alágbára ayé kan ti gba èkíní gbọ́ tán láìka èkejì sí, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ti ta sílẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ayò tí à ń pè ní dómínò. Ege pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n, méjìdínlọ́gbọ̀n nínú páálí kan, tí a dá àmì sí lójú. Àwọn ọmọdé ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà fi í ṣeré. Wọn a tò wọ́n ní ìnàró, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọn a sì fi ìka ti èyí tí ó wà níwájú. Èyí tí wọ́n tì a ṣubú lu èkejì, èkejì a lu ẹ̀kẹta, kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti dùbúlẹ̀ gbalaja. Ọmọ tí kò ní dómínò a fi páálí ìṣáná ṣe tirẹ̀, bákan náà ni yóò sì rí.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní ọjà pẹ̀lú. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá èsúsú, tí ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o bá sá lọ, owó ẹni tí ó yẹ kí ó kó tẹ̀lé e kò ní pé. Ẹni yìí ti gba ọjà àwìn lọ́wọ́ aláta, ní ìrètí pé èsúsú ni òun yóò fi san án. Aláta jẹ onímọ́tò ní owó ẹrù. Onímọ́tò ń retí owó náà láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ọmọ yìí kò mọ obìnrin tí ó sá lọ rí, kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun ni wọn yóò lé wálé ní ọjọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣubú ẹnìkan ṣe máa ń rìn títí yóò fi dé ilé ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó gbọ́ èyí má ṣe gbàgbé ohun kan. Bí aláta bá ní owó díẹ̀ ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yóò san owó ẹrù fún onímọ́tò, yóò sì fi ara da gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ fún oṣù kan tàbí méjì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣubú náà yóò ti dúró. Ọmọ onímọ́tò yóò jókòó sí kíláàsì rẹ̀, kò sì ní mọ̀ láé pé ohun kan ti ń bọ̀ wá bá òun. Ege dómínò kò lè pa nǹkan mọ́ de ọjọ́ ìṣòro, ṣùgbọ́n ènìyàn lè ṣe é. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, síbẹ̀ òun ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé gbàgbé nígbà tí wọ́n mú eré ọmọdé wọ inú ìṣèlú.

Ẹni tí ó sọ àpèjúwe dómínò di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni Dwight Eisenhower, tí í ṣe Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin ọdún 1954, ó bá àwọn oníwèé-ìròyìn sọ̀rọ̀ ní Washington. Ní àkókò yẹn, àwọn ọmọ-ogun Vietnam tí Ho Chi Minh ń darí ti ká àwọn ọmọ-ogun Faransé mọ́ àfonífojì kan tí à ń pè ní Dien Bien Phu. Eisenhower ṣàlàyé pé bí apá ibẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn Kọ́múníìsì, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká yóò ṣubú tẹ̀ lé e bí ege dómínò: Bọ́mà, Thailand, Malaya àti Indonesia. Ó ní ewu náà lè dé ọ̀dọ̀ Jàpáánù àti Australia. Ó sì mẹ́nu ba tánganran àti rọ́bà tí ó ń ti ibẹ̀ wá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ọjà. Oṣù kan gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 7 Oṣù Karùn-ún, Dien Bien Phu bọ́.

Orúkọ Bọ́mà tí Eisenhower kà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n bá àwọn ará Jàpáánù jà nínú igbó Bọ́mà ní ọdún 1944 àti 1945. Ìdílé tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ ti padà wálé mọ̀ pé Bọ́mà jẹ́ ilẹ̀ òkè, odò àti òjò, tí ó ní èdè tirẹ̀, ẹ̀sìn tirẹ̀ àti ìjà tirẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ní irú nǹkan wọ̀nyí kò lè jẹ́ ege igi kan tí kò mọ̀ ju kí a tì í kí ó ṣubú lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Eisenhower wọ àwọn tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ létí. Ní Oṣù Kẹta ọdún 1965, Ààrẹ Johnson rán àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ sí Da Nang. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1969, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí ó wà ní Vietnam ti lé ní 500,000. Àwọn tí ó kú nínú wọn lé ní 58,000. Àwọn ará Vietnam tí ó kú, jagunjagun àti àgbẹ̀, ìyá àti ọmọ, pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé. Ohun tí wọ́n sọ pé àwọn ń jà fún ni kí ege àkọ́kọ́ má baà ṣubú. Ó sì ṣubú. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹrin ọdún 1975, wọ́n gba Saigon. Cambodia ti bọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Laos tẹ̀ lé e kí ọdún náà tó parí.

Ẹni tí ó bá dúró ní òpin ọdún 1975 wo ẹ̀yìn yóò sọ pé òótọ́ ni Eisenhower pa. Ṣùgbọ́n Thailand, tí ó fẹ̀gbẹ́ kan Laos àti Cambodia, kò ṣubú. Malaysia dúró. Indonesia àti Singapore dúró. Àwọn mẹ́rin yìí àti Philippines ti jókòó ní Bangkok láti ọjọ́ 8 Oṣù Kẹjọ ọdún 1967, wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa parí aáwọ̀ àárín wọn. Ní Malaya, àwọn Kọ́múníìsì ti ń jà nínú igbó láti ọdún 1948, ìdí tí wọ́n sì ń kéde ni pé àwọn ń lé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí Malaya gba òmìnira ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1957, ẹjọ́ tí wọ́n ń rò fún ará ìlú pòórá. Ní ọdún 1960 ìjọba kéde pé ìjà náà ti parí. Òótọ́ tún wà tí kò yẹ kí a bò: kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó dúró ni ọwọ́ wọn mọ́. Ní Indonesia, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni wọ́n pa ní ọdún 1965 àti 1966 nítorí pé wọ́n fura sí wọn pé Kọ́múníìsì ni wọ́n. Ẹni tí ó bá pa ọmọ ilé tán kí olè má baà wọlé kò tíì dáàbò bo ilé.

Èyí tí ó yanilẹ́nu jù ni ohun tí àwọn tí ó ti ṣubú náà ṣe. Ní òpin ọdún 1978, Vietnam kó ogun wọ Cambodia, Kọ́múníìsì sí Kọ́múníìsì. Ní Oṣù Kejì ọdún 1979, Ṣáínà kó ogun wọ Vietnam. Àwọn ege tí a ní wọn yóò máa ṣubú lọ síwájú títí wọn yóò fi dé etí òkun yí ojú padà, wọ́n sì ń lu ara wọn. Ní Oṣù Keje ọdún 1995, Vietnam wọ inú ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bangkok, Amẹ́ríkà sì bá a dọ́rẹ̀ẹ́ padà nínú oṣù kan náà.

Níbo ni àṣìṣe wà? Àwọn tí ó ń wo ìka tí ń ti nǹkan kò wo ògiri. Gúúsù Vietnam ti lanu kí ẹnikẹ́ni tó tì í. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ro oko olóko, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ tí ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ nínú ìrẹsì wọn. Àwọn ọmọ-ogun ìlú náà fúnra wọn ni wọ́n yọ olórí wọn, Ngo Dinh Diem, tí wọ́n sì pa á ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Ilé tí ó rí báyìí, ẹni tí ó bá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn gbé e ró kàn ń dá ọjọ́ ìṣubú rẹ̀ dúró ni.

Ǹjẹ́ irọ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ dómínò bí? Rárá o. Hẹ̀rẹ̀huru aládùúgbò wà, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ti gbọ́ ọ lóru.

Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá ọdún 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi ọmọlanke ta èso ní Sidi Bouzid ní ilẹ̀ Túnísíà, Mohamed Bouazizi, dáná sun ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba ọjà rẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, Ààrẹ Ben Ali ti sá kúrò ní ìlú. Ní oṣù kejì, Mubarak kúrò lórí oyè ní Íjíbítì. Ogun bẹ́ ní Líbíà, wọ́n sì pa Gaddafi ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá ọdún 2011. Àwọn ará Tuareg tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ogun fún Gaddafi kó ìbọn wọn, wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n padà sí àríwá Málì. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2012, ogun bẹ́ níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹta, àwọn ọmọ-ogun gba ìjọba ní Bamako. Láti Málì, ìjà náà wọ Burkina Faso, ó sì wọ Niger. Àwọn ọmọ-ogun tún gba ìjọba ní Málì ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ní Burkina Faso ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọdún 2022, àti ní Niger ní ọjọ́ 26 Oṣù Keje ọdún 2023. Ààlà tí ó wà láàárín Niger àti Nàìjíríà sì gùn ju 1,500 kìlómítà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọmọlanke tí wọ́n gbà ní Túnísíà kò kan òun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Sẹ̀nẹ̀gàl fẹ̀gbẹ́ kan Málì àti Gínì, àwọn ọmọ-ogun ni ó sì wà lórí oyè ní ìlú méjèèjì nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gàl fẹ́ dìbò ní ọdún 2024. Ní Oṣù Kejì, Ààrẹ kéde pé òun sún ìbò síwájú. Ìgboro dàrú, ẹ̀mí sì bọ́. Ká ní ti dómínò ni, Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó kàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó òfin ìpìlẹ̀ sọ pé sísún tí a sún ìbò náà kò bófin mu. Ààrẹ gba ìdájọ́ náà. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹta, Bassirou Diomaye Faye, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, sì wọlé. Kò sí ọmọ-ogun kan tí ó gba ìjọba. Ní Gánà, tí ó fẹ̀gbẹ́ kan Burkina Faso, wọ́n dìbò ní ọjọ́ 7 Oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ní ọjọ́ kejì, Bawumia tí ìbò kò gbè kí Mahama kú oríire, wọn kò tíì kéde èsì tán. Àwọn adájọ́ tí kò bẹ̀rù ní ìlú kan, àti ẹni tí ó mọ bí a ti ń gba ìṣubú ìbò ní ìlú kejì: àwọn ni owó ìpamọ́ aláta.

Nàìjíríà náà kò ní àwáwí. Wọ́n pa Sylvanus Olympio ní Tógò ní Oṣù Kìíní ọdún 1963, àwọn ọmọ-ogun sì gba ìjọba ní Dahomey ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí ìbọn dún ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní ọdún 1966, ó rọrùn láti sọ pé àrùn aládùúgbò ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti rí ìjà inú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1962. Wọ́n ti rí ìbò Oṣù Kẹwàá ọdún 1965, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìbò èrú. Wọ́n ti rí Wẹ́tíè, nígbà tí ọmọ ìyá ń da epo sí ilé ọmọ ìyá. Ògiri ti lanu gbàgà kí aláǹgbá tó yọjú. Kò sí ẹni tí ó ti Cotonou tàbí Lomé wá fi ayọ̀ọ́lẹ̀ lu ilé náà.

Ẹni tí ó bá gbà pé dómínò nìkan ni ìlú, ọ̀nà méjì ni yóò tọ̀, kò sì sí èyí tí ó dára níbẹ̀. Yálà kí ó káwọ́ gbera, kí ó ní ìṣubú ń bọ̀, kò sí ohun tí ẹnìkan lè ṣe. Tàbí kí ó gbé kùmọ̀, kí ó sáré lọ fi agbára mú ògiri ilé onílé dúró. Ní òpin Oṣù Keje ọdún 2023, ẹgbẹ́ ECOWAS fún àwọn ológun Niger ní ọjọ́ méje, ó ní òun lè lo agbára bí wọn kò bá dá Ààrẹ padà sí ipò. Wọ́n ti ààlà pa, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tí ń lọ sí Niger. Ọjọ́ méje pé, ó kọjá. Ìyà jẹ àwọn oníṣòwò ní Illela àti ní Jibiya, ní ìhà méjèèjì ààlà. Wọ́n sọ ọ̀pọ̀ nínú ìjìyà náà kalẹ̀ ní Oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn ìlú mẹ́ta náà sì bá tiwọn lọ kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 Oṣù Kìíní ọdún 2025. Ọwọ́ tí ó fẹ́ di ilé aládùúgbò mú fa ògiri àárín wó.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé ìdìde náà a máa ràn bí ìṣubú ṣe ń ràn. Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹta ọdún 1957, Gínì ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Ní ọdún 1960 nìkan, orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún ní Áfíríkà ni ó gba tiwọn, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Gánà fún àwọn yòókù ní ìgboyà, ṣùgbọ́n kò bá wọn ṣe iṣẹ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945, àwọn awakùsà Enugu sì ti fi ẹ̀mí lélẹ̀ ní ọdún 1949, kí Gánà tó gbé àsíá rẹ̀ sókè. Ẹni tí kò bá ti múra, ìdìde aládùúgbò kò lè gbé e nàró.

Nítorí náà, òwe méjèèjì kò bá ara wọn jà rárá. Ẹ padà sí èkíní, ẹ wo àárín rẹ̀: tí a kò bá sọ fún un. Òwe náà kò ní kí a gbé kùmọ̀ ti ará ilé ẹni, kò sì ní kí a dákẹ́. Ó ní kí a sọ fún un, ní ọ̀sán, nígbà tí kòkòrò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì dé ẹnu. Bí ìjọba kan ní àdúgbò bá ń yí òfin ìpìlẹ̀ padà kí ó lè pẹ́ lórí oyè, ọjọ́ náà ni ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má ṣe dúró de ọjọ́ tí àwọn ológun yóò wọ ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí tirẹ̀ mọ́ nílé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jí ìbò kò lè wọ olè mìíràn létí.

Lẹ́yìn èyí ni òwe èkejì, òun ni iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àpótí ìbò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, adájọ́ tí kò gba rìbá, owó oṣù tí ó dé ọwọ́ olùkọ́ àti ọlọ́pàá ní àsìkò, ilé-ìwé tí ọmọ onímọ́tò lè jókòó sí: amọ̀ tí a fi ń rẹ́ ògiri ni ìwọ̀nyí. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo, kò sì sí ẹni tí yóò lu ìlù fún ẹni tí ó bá ṣe é. A ó mọ̀ pé ó ṣe é ní ọjọ́ tí ìṣubú bá dé ẹnu ọ̀nà, tí kò rí ibi wọlé.